Ọ̀pá Tó Dún Lódì

Tíṣà gbá bọ́ọ̀lù funfun, ó sì dúró gbagidi. Bọ́ọ̀lù pupa tó fojú sùn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ó forí sọ etí tábìlì, ó sì padà sáàárín. Kì í ṣe pé Tíṣà kì í tàsé. Ta ni kì í tàsé? Ohun tó pa gbogbo gbọ̀ngán sínúkà lẹ́nu mọ́ ni pé kò tilẹ̀ wo ibi tí bọ́ọ̀lù lọ. Ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó tún fi gbá bọ́ọ̀lù funfun lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dẹ etí sí i, ó sì gbé ọ̀pá náà sórí tábìlì bí ẹni gbé ọmọ olọ́mọ sílẹ̀.

"Èyí kì í ṣe ọ̀pá mi," ó ní.

Àǹtí Káńtà ń nu ife lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ọ. Òun ló ń ta ohun mímu níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ọ̀gá, ló ni gbọ̀ngán náà, òun náà ló sì ń ta ọ̀pá fún àwọn tó ń gbá sínúkà. Ó ti pẹ́ tí Àǹtí ti ń dúró lẹ́yìn káńtà yẹn débi pé bí ènìyàn bá pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó lè má dáhùn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ọjọ́ ogbó ti ń bá Tíṣà ṣeré. Ó tún rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì í.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Káfíńtà, ọ̀rẹ́ Tíṣà, gba ọ̀pá ọ̀hún, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Àwọ̀ rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Gígùn rẹ̀ bá a mu. Igi dúdú tó wà níbi ìdí rẹ̀ bá a mu. Tíṣà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé bó ṣe wúwo lọ́wọ́ òun kò yàtọ̀ rárá, pé bí wọ́n bá gbé e lé òun lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, tòun lòun ì bá pè é. Ìró rẹ̀ ló tú u fó. Tòun máa ń dún pọ́, ó ní, èyí ń dún káń. Ẹnì kan ti gbé ojúlówó lọ, ó sì ti fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀ nínú àpótí.

Gbogbo wọn bá rọ́ lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn oníbàárà ń kó àpótí ọ̀pá wọn sí. Inú àpótí Tíṣà, lórí aṣọ àrán tí wọ́n fi tẹ́ ẹ, ni wọ́n ti rí ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ń fi ra orí ọ̀pá kó má baà yọ̀ lára bọ́ọ̀lù ni. Àwọ̀ ewé ni. Búlúù ni Ọ̀gá ń tà, búlúù ni gbogbo gbọ̀ngán ń lò. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lo aláwọ̀ ewé, nítorí ó ní búlúù máa ń yọ̀: Tẹ́ẹ́rẹ́, àbúrò Àǹtí Káńtà, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọwọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Kí ènìyàn tó wí pé kín nìyí, àwọn ọlọ́pàá ti dé. Tẹ́ẹ́rẹ́ ń wí pé òun kọ́, òun kọ́, ohùn rẹ̀ sì ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń mú un sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní bí kò bá sí ohun tuntun, ilé ẹjọ́ ni yóò ti rí ara rẹ̀ lọ́túnla. Tíṣà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó ti àpótí òfìfo náà, ó ní òun ló kọ́ ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú.

Àǹtí Káńtà kò fojú ba oorun. Ọkọ rẹ̀ náà kò sùn. Ó ń yí kiri lórí ibùsùn, ó ń mí kanlẹ̀, nígbà tó sì yá ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé òun kò ní jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ jìyà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni obìnrin náà rọ̀ mọ́ di àárọ̀.

*

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá lọ́jọ́ kejì jẹ́ obìnrin kúkurú kan, bàtà rẹ̀ ti jẹ létí, báàgì rẹ̀ ńlá. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Bẹ́ẹ̀kọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Orúkọ náà kò dùn ún. Ó ní ó sàn ju èyí tí wọ́n ń pe ọ̀gá òun lẹ́yìn lọ.

Àǹtí Káńtà gbé omi síwájú rẹ̀, ó kánjú débi pé omi dà sórí káńtà. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀yìn òun ni Tẹ́ẹ́rẹ́ dàgbà sí, pé ọmọ yẹn kì í mú abẹ́rẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Bẹ́ẹ̀kọ́ fi aṣọ nu omi náà fúnra rẹ̀. Ó ní òun ti tẹ́ṣàn bọ̀, òun ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ó sì ti jẹun. Ó ní ọkọ Àǹtí ló gbé búrẹ́dì lọ fún un ní ìdájí. Àǹtí dúpẹ́ lọ́kàn rẹ̀ pé Ọlọ́run fi irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ta òun lọ́rẹ.

Àwọn ọkùnrin tó wà ní gbọ̀ngán ti pa ẹnu wọn mọ́. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ṣe rí. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan gan-an á dà bí ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n Bẹ́ẹ̀kọ́ kò bèèrè ibi tí ẹnikẹ́ni wà lánàá. Ó ní kí Ọ̀gá kó àwọn ọ̀pá tó ń tà jáde sórí tábìlì. Ó ní òun ní àbúrò ọkùnrin kan tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sínúkà, òun fẹ́ ra ọ̀pá gidi fún un, òun kò sì mọ ọ̀pá yàtọ̀ sí igi ìgbálẹ̀. Kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun yan èyí tó dára.

Ó dà bíi pé ó da omi sínú epo gbígbóná.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ la ẹnu. Igi ni, ó ní, igi ni ọ̀pá, ohun tó kù ẹ̀ṣọ́ ni. Ó gbé ọ̀kan, ó dijú kan, ó wo gbogbo gígùn rẹ̀ láti ìdí dé orí. Ó yí i gbirigbiri lórí tábìlì, ó ní kí Bẹ́ẹ̀kọ́ wo orí rẹ̀ bóyá ó ń jó. Ó ní bí ó bá ti ń jó, kó fi dáná. Ó fi ìlà igi hàn án, bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n tò gùn bí ìrun tí wọ́n yà dáadáa. Ó ní ẹni tó bá ní ọ̀pá rere tó sì ń fi í ti ara ògiri, tàbí tó ń fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, ó yẹ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Télọ̀, ọkùnrin kan tó ń ránṣọ ní ìsàlẹ̀ ilé náà, fi ẹnu tì í dànù. Ó ní gbogbo igi tí Káfíńtà ń pariwo rẹ̀ yìí, kí ló dé tí wọ́n fi ń gé e sí méjì? Ojú oríkèé tí wọ́n fi so apá méjèèjì pọ̀ ni ká wò. Ọ̀pá tí oríkèé rẹ̀ kò bá dì dáadáa, ṣòkòtò tí wọ́n lẹ̀ ní ìjókòó ni, ọjọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ níwájú èrò ni yóò dójú tì ọ́. Òun ò lè ra oní-oríkèé láéláé. Káfíńtà ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ìyẹn ni òun fi ń rí Télọ̀ tó ń gbé odindi ọ̀pá wọ bọ́ọ̀sì, tó ń gún ọmọ ọlọ́mọ lójú. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àǹtí Káńtà kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe yẹ̀yẹ́, àbúrò rẹ̀ wà lórí sìmẹ́ǹtì tútù, inú sì ń bí i.

Bẹ́ẹ̀kọ́ yíjú sí Tíṣà, ó ní ṣé òun náà kò ní dá sí i. Tíṣà gbé ọ̀pá kan lọ́wọ́, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Kò sí ọ̀pá tó dára," ó ní. "Èyí tó bá ti mọ ọwọ́ ẹ ló dára. Ra ẹyọ kan, kó o má sì ra òmíràn mọ́. Má yá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń pààrọ̀ ọ̀pá, ẹ̀bi tirẹ̀ ló fẹ́ gbé ka ẹlòmíràn lórí."

Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo tún gbà á. Ọ̀gá nìkan ni kò bá wọn dá sí i. Òǹtàjà ni, kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Bí o bá ní igi ni, á ní igi ni, bí o bá ní oríkèé ni, á ní ta ló jẹ́ jiyàn. Ó ti wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹnu rẹ àwọn tó kù, Bẹ́ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Àǹtí Káńtà rí òjìji àwọn méjèèjì lára gíláàsì, ó rí ọkọ rẹ̀ tó ń mi orí, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kò pẹ́ rárá tí obìnrin náà fi jáde.

*

Ní ọ̀sán, àwọn ọkùnrin lọ wá ohun tí wọ́n máa jẹ. Ọ̀gá ní òun ń lọ wá lọ́yà fún Tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ku àwọn obìnrin méjì ní gbọ̀ngán, àti tábìlì tí aṣọ rẹ̀ ti ya níbi mélòó kan tí wọ́n fi téèpù lẹ̀. Láti ìgbà tí gbọ̀ngán tuntun ti ṣí ní òdìkejì òpópónà, oníbàárà ń dín kù, Ọ̀gá kò sì ní agbára àtipààrọ̀ aṣọ tábìlì, ká má tíì sọ tábìlì.

Bẹ́ẹ̀kọ́ ní kí Àǹtí bá òun wá ọ̀bẹ tí kò mú. Ó gbé ayédèrú ọ̀pá náà dùbúlẹ̀ sórí káńtà, ó fi ọ̀bẹ yọ rọ́bà tí wọ́n fi dé ìdí rẹ̀. Ó gbọn ọ̀pá. Ohun kan tó dùbúlẹ̀ nínú ihò bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n fi pépà wé e kó má baà mì. Ó tú pépà náà. Òjé ni, ègé òjé kan tí kò tó ìka.

"Mo ti yọ rọ́bà ìdí gbogbo irú ọ̀pá yìí tí ọkọ yín ń tà," ó ní. "Kò sí òjé nínú èyíkéyìí. Ẹnì kan ló lu ihò síbí, tó fi òjé sí i, kó lè wúwo bíi ti Tíṣà."

Àǹtí Káńtà bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo ìdí ọ̀pá náà. Ihò ọ̀hún mọ́ tónítóní, kò ní ìfọ́ kankan létí. Ta ló ń lu igi nínú gbogbo wọn? Káfíńtà. Ó sọ ọ́ jáde kó tó mọ̀ pé òun ń sọ̀rọ̀. Ó ní Káfíńtà ni, ó ti ń jowú Tíṣà tipẹ́, ó ti bẹ̀ ẹ́ títí kó tà á fún òun. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń gbàdúrà pé kó rí bẹ́ẹ̀, ojú sì ń tì í díẹ̀, nítorí Káfíńtà kò ṣe é ní ibi rí.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́," ni obìnrin náà wí.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ayédèrú tan ènìyàn jẹ, ó ní, ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbà pé ó ṣe pàtàkì ni yóò tún ṣe jù. Kò ní lè ṣe kó máà ṣe é. Bó bá jẹ́ Káfíńtà ni, ìlà igi ni ì bá wá, ì bá wá a títí yóò fi rí èyí tó jọ ti Tíṣà. Ìlà igi ọ̀pá yìí wọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí. Bó bá jẹ́ Télọ̀ ni, ì bá fojú sí oríkèé. Oríkèé èyí ń mì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Tẹ́ẹ́rẹ́. Láàárọ̀ yìí ní àtìmọ́lé, òun bi ọmọ yẹn pé kí ló ń jẹ́ ọ̀pá rere, ó gbàgbé pé òun wà nínú wàhálà, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé awọ orí ọ̀pá, bí wọ́n ṣe ń fi sáńdípépà ha á títí yóò fi rí róbótó. Ẹ wo orí èyí. Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá ló wà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó le bí òkúta. Ìdí nìyẹn tó fi ń dún káń. Tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbé irú nǹkan báyìí sínú àpótí ẹnikẹ́ni kí ara má ta á.

"Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́?" ni Àǹtí bèèrè. Ẹ̀rù ń bà á láti yọ̀.

"Ibi ìdí ọ̀pá ni wọ́n da ṣọ́ọ̀kì sí nínú àpótí yẹn. Ta ló ń fi ṣọ́ọ̀kì ra ìdí ọ̀pá? Ẹni tó dà á síbẹ̀ ń kánjú, kò wo apá ibi tó ń dà á sí. Ó kàn fẹ́ kí a rí i ni."

Àǹtí Káńtà jókòó. Omijé ń bọ̀, ó sì jẹ́ kó máa bọ̀. Ó ní kí wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀ nígbà náà. Bẹ́ẹ̀kọ́ mi orí. Ó ní ọ̀gá òun kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tú ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ sílẹ̀. Ẹni tó gbà pé ìwúwo ni ọ̀pá lòun ń wá. Èyí tó ya òun lẹ́nu sì ni pé nínú gbogbo ariwo àárọ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwúwo. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan, ó ní, ohun tí mo kọ́kọ́ máa sọ nìyẹn. Ó dà bíi pé ẹnì kan ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lónìí.

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," ó ní. "Mo tilẹ̀ bi ọkọ yín. Ó ní orí ọ̀pá ni. Ó ní bí àbúrò ìyàwó òun ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an ló rí."

Fáànù ń yí lókè.

Àǹtí Káńtà gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì kọ́kọ́ yé e. Lẹ́yìn náà ó yé e, ó sì dà bíi pé wọ́n fa ìjókòó kúrò lábẹ́ rẹ̀. Orí ọ̀pá kẹ̀? Ọkọ rẹ̀? Ọkùnrin tó máa ń gbé òṣùwọ̀n tí òun fi ń wọn ìyẹ̀fun nílé ìdáná, tí yóò gbé ọ̀pá tuntun kọ̀ọ̀kan lé e kó tó kó wọn wá sí gbọ̀ngán? Tí òun ti bá jà lórí òṣùwọ̀n yẹn títí ẹnu fi rẹ òun? "Ìwọ̀n ni ọ̀pá, ìyókù orúkọ ni." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn lójoojúmọ́ ayé, nílé, nígbà tí oníbàárà kò sí nítòsí. Kò sẹ́lòmíràn tó ń gbọ́ ọ. Òun nìkan ni.

Ó rántí ìmí kanlẹ̀ òru àná. Ó ti rò pé nítorí Tẹ́ẹ́rẹ́ ni.

Ó lè jẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn náà gba ìwúwo gbọ́. Bí òun bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Lọ́yà ń bọ̀. Ọkọ òun ti ní òun kò ní jẹ́ kó jìyà. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni ilé ẹjọ́, ọmọ tí òun pọ̀n tí ẹ̀yìn òun fi tẹ̀ ni yóò dúró níbẹ̀, tí wọn yóò máa pè é ní olè. Bí òun bá sì sọ̀rọ̀, ilé òun ló wó yẹn. Kò sí èyí tí a fẹ́ mú níbẹ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Òun ti ń gbàdúrà láti àná kí òkò ba olè, àṣé orí ibùsùn òun ni òkò ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀kọ́ ń wé òjé padà sínú pépà. Kò wo ojú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ má wò ó ni.

"Mà," ni Àǹtí Káńtà wí. "Òṣùwọ̀n kan wà nílé wa."

*

Ọ̀gá padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní lọ́yà ní òun yóò gbìyànjú. Bẹ́ẹ̀kọ́ ní kó jókòó. Kò fi ayédèrú ọ̀pá hàn án, kò sì sọ̀rọ̀ gígùn.

"Ọ̀gá, ẹ sọ fún mi láàárọ̀ pé orí ọ̀pá ló ṣe pàtàkì jù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo gbọ́ pé kì í ṣe ohun tí ẹ gbà gbọ́ nìyẹn."

Ọ̀dọ̀ káńtà ni Ọ̀gá yíjú sí. Ó wo ìyàwó rẹ̀ títí, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí wọ́n bá ní ìhòòhò.

"O sọ fún wọn pé mò ń wọn ọ̀pá," ó ní.

"Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwọ̀n," ni Bẹ́ẹ̀kọ́ dáhùn. "Èmi àti ìyàwó yín nìkan la mọ ohun tí mo bá nínú ọ̀pá yẹn. Àti ẹni tó fi í sí i."

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé orí. Kò bá wọn jà. Ó jọ pé ẹrù kan tilẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan tó ń kó ọ̀pá àtijọ́ jọ ló ti ń wá ti Tíṣà kiri. Tíṣà kọ̀, ó lóun ò tà láéláé. Ọkùnrin ọ̀hún wá ṣèlérí pé bí Ọ̀gá bá bá òun rí i, òun yóò kó tábìlì tuntun wá dípò gbogbo èyí tó ti gbó. Ọ̀pá ṣì wà nínú ọkọ̀ òun, òun kò tíì gbé e fún un. Ó ní gbọ̀ngán ń kú lọ lójú òun. Ó ní tòun àti tìyàwó òun lòun ń rò.

Àǹtí Káńtà kò bèèrè nípa tábìlì.

"Ṣé ìwọ lo da ṣọ́ọ̀kì síbẹ̀?"

"Mo rò pé wọ́n kàn máa bá a wí ni," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Mo rò pé Tíṣà máa dárí jì í."

Kò sí ohun tó lè sọ tó burú tó ìyẹn. Obìnrin náà bọ́ aṣọ ìdáná rẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ káńtà sórí rẹ̀, ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ sọ́wọ́ ọlọ́pàá méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì tẹ̀ lé Bẹ́ẹ̀kọ́ jáde láti lọ mú àbúrò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ní àbúrò Bẹ́ẹ̀kọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sínúkà, ṣé wọ́n ti yan ọ̀pá fún un. Kò mọ ìdí tó fi bèèrè. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà ní òun kò ní àbúrò.

*

Tẹ́ẹ́rẹ́ jáde láti àtìmọ́lé, ìgbànú rẹ̀ lọ́wọ́, irun orí rẹ̀ rí wúruwùru. Ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà dì mọ́ ọn, ó ń wá bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ti tún un sọ lọ́kàn rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà kò gbà láti jáde.

"Mo mọ̀ pé wọ́n máa gbà mí sílẹ̀," ni ọmọ náà ń wí. "Ọkọ yín ṣèlérí fún mi láàárọ̀. Wọ́n sunkún níwájú mi, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin ńlá yẹn sunkún. Mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láé."

"Tẹ́ẹ́rẹ́, jókòó ná. Ọ̀rọ̀ kan wà."

Ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Ọ̀gá wọlé láàárín ọlọ́pàá méjì, wọ́n da kóòtù bò ó lọ́wọ́ níwájú. Àǹtí Káńtà nawọ́ láti di àbúrò rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ ti yára lọ pàdé ọkùnrin náà, ó ń wí pé, "Ẹ ṣé, sà, ẹ ṣé, Ọlọ́run á san án fún yín," ó sì ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ kóòtù láti fi gbá ti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Irin ló bá níbẹ̀. Kóòtù jábọ́ sílẹ̀. Ó wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà, ó wo ojú ọkùnrin tó ń yẹra fún ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó yíjú padà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó sọ fún òun pé kò rí bẹ́ẹ̀.